Ilé tí kì í jẹ iná jù, tí kì í sì í ba àyíká jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí èèyàn máa ń bi mí nígbà tí owó iná bá ga ju bí wọ́n ṣe rò lọ ni mo kó jọ síbí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo dáhùn ní gígùn. Ibi tí òfò ti pọ̀ jù nínú ilé ni mo dúró sí pẹ́.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ ra sólà ni?

Rárá o. Sólà dára, a ṣì máa dé orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹni tó gbé sólà sórí ilé tí iná ti ń ṣòfò, inú ajere ló ń pọn omi sí. Ká ní ilé yín ń jẹ yúníìtì 10 lójúmọ́, tí ẹ wá dọ́gbọ́n sí i tó fi di 6: pánẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa rà á dín, bátìrì á kéré, ínfátà náà kò ní tóbi. Púpọ̀ nínú ohun tó ń sọ 10 di 6 kò ju kí èèyàn dí ihò, kó yí ìwà padà, kó sì pààrọ̀ nǹkan mélòó kan.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí: ẹ mọ ohun tó ń jẹ iná, ẹ dí ibi tí ooru ń gbà wọlé tàbí tó ń gbà jáde, ẹ pààrọ̀ ohun èlò tó ti gbó, kí sólà wá gbẹ̀yìn.

Kí ni yúníìtì yìí gan-an?

Wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Ẹ wo ara ohun èlò yín, ẹ máa rí iye wáàtì tí wọ́n kọ sí i. Ẹ fi iye wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Gílóòbù wáàtì 10 máa tàn fún 100 wákàtí kó tó jẹ yúníìtì kan. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 máa jẹ ẹ́ láàárín wákàtí kan péré tó bá ń gbóná láìdáwọ́ dúró. Fáànù wáàtì 60 tó fẹ́ láti alẹ́ di àárọ̀, wákàtí 10, kò jẹ ju 0.6 lọ.

Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ ni fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sí wọn lára kò sọ òótọ́ tán. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò. Ẹ fi há ti fíríìjì fún odidi ọjọ́ kan, ẹ máa mọ iye tó ń jẹ gan-an.

Èwo nínú ohun èlò ilé ló ń jẹ iná jù?

Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná, àti èyí tó bá ń mú nǹkan tutù. Tí ẹ bá mọ èyí nìkan, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ omi gbígbóná, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tí ń mú yàrá gbóná ní ìlú olótùútù, sítóòfù oníná, áyọ́ọ̀nù, fíríìjì: àwọn wọ̀nyí ni ọ̀gá. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò, fóònù àti gílóòbù òde òní kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Kí a tó lè mú 100 lítà omi kúrò ní dígírì 20 dé 60, ó tó yúníìtì 4.6. Iná yẹn lè kún bátìrì fóònù ju ìgbà 200 lọ. Síbẹ̀ èèyàn á máa bá àwọn ọmọ jà torí pé wọ́n fi ṣájà fóònù sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ̀rọ omi gbígbóná wà ní títàn tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ilé. A kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Fún ẹ̀rọ omi gbígbóná náà: ẹ má ṣe gbé e kọjá dígírì 60, ẹ má sì jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ púpọ̀, torí kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Legionella máa ń gbèrú nínú omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi fóòmù wé páìpù tó ti ibẹ̀ jáde. Níbi tí oòrùn bá ti ń ràn dáadáa, ẹ̀rọ tí oòrùn fúnra rẹ̀ ń mú omi inú rẹ̀ gbóná wà. Kò nílò bátìrì kankan, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í kà á sí. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú omi tàbí sínú yàrá, tí wọ́n ń pè ní heat pump. Yúníìtì kan tí ẹ bá fún un, ó lè kó ooru tó tó yúníìtì 3 wá fún yín.

Gílóòbù mi àtijọ́ ṣì ń tàn. Ṣé kí n dúró kó jó kí n tó pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ má dúró. Èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú yẹn, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 iná tó ń jẹ tó jẹ́ pé ooru ló ń fi ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ń jó èèyàn lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá tan ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá kan náà, ẹ ti sanwó kí ooru wọlé, ẹ tún ń sanwó kó jáde. Gílóòbù LED, ìyẹn ti òde òní, tó jẹ́ wáàtì 8 sí 10 mọ́lẹ̀ tó ti àtijọ́ wáàtì 60, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ ní ìlọ́po lọ́nà mẹ́wàá ó kéré tán.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, iye lumen ni kí ẹ wò, òun ló ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ sí. Bíi 800 ló bá ti wáàtì 60 àtijọ́ mu. Ẹ wo nọ́ńbà Kelvin náà, òun ló ń sọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní. 2,700 pọ́n díẹ̀, ó dára fún yàrá ìsinmi. 6,500 funfun bí ọ̀sán gangan, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń sùn. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ló pẹ́ jù kí wọ́n tó rí i ṣe nínú LED, láìsí i, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní ọdún 2014 nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa gílóòbù onítúbù tó wà láàárín àtijọ́ àti LED: mẹ́kúrì díẹ̀, irin olómi kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀. Tó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó fi páálí líle kó àfọ́kù rẹ̀. Ẹ má gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ fa á.

Ilé mi ń gbóná bí ààrò. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù tó tóbi sí i ni kí n rà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ibi tí ooru náà ti ń wá. Òkè ló pọ̀ jù. Oòrùn á pa páànù títí, páànù á gbóná tí ọwọ́ kò ní lè kàn án, á wá máa da ooru yẹn sórí àjà, àjà á máa dà á lé yín lórí títí di òru. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè dá oòrùn padà kó tó wọlé: ọ̀dà funfun, tàbí èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti máa tan oòrùn padà, ń mú kí òrùlé tutù gan-an ju aláwọ̀ dúdú tàbí pupa lọ. Ẹ sì lè dá ooru dúró lójú ọ̀nà: ẹ tẹ́ fóòmù tàbí òwú tí wọ́n ṣe fún ìdènà ooru sórí àjà, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà kọjá láàárín àjà àti páànù. Tí agbára yín bá ká ẹyọ kan péré nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, òrùlé ni mo máa sọ pé kí ẹ ṣe.

Fèrèsé ló tẹ̀ lé e. Oòrùn tó bá ti kọjá gíláàsì ti wọlé, kọ́tíìnì kò lè lé e jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbòòji tó wà níta fi dára ju èyí tó wà nínú lọ: igi, ẹ̀yà òrùlé tó yọ síwájú, aṣọ tí wọ́n ta síta, pátákó ojú fèrèsé. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ló le jù, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń fẹjú mọ́ fèrèsé ní tààrà, òrùlé tó yọ síwájú kò sì lè dá a dúró. Igi ló dára níbẹ̀. Tí ẹ bá gbìn ín lónìí, ọdún mélòó kan lẹ máa dúró, nítorí náà ẹ gbìn ín lónìí.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Fèrèsé kan ṣoṣo kì í fẹ́ yàrá. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi wọlé, kó sì rí ibi jáde, kí méjèèjì dojú kọra. Tí ibi tó ń gbà jáde bá ga, ó tún dára sí i, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń lọ sókè. Tí ìta bá wá gbóná ju inú lọ lọ́sàn-án, ẹ pa fèrèsé dé, ẹ ṣí i lálẹ́ nígbà tí ìta bá ti rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdìkejì èyí.

Fáànù kì í mú yàrá tutù o. Ara èèyàn ló ń mú tutù, nítorí ó ń gbẹ òógùn. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá, ẹ pa á.

Ìlú olótùútù ni mo wà ní tèmi. Ṣé nǹkan kan náà ni?

Nǹkan kan náà ni, ìdojúkọ rẹ̀ ló yí padà. Ooru tí ẹ sanwó fún ló ń sá lọ. Ẹ tẹ́ ìdènà ooru sórí àjà kí ó nípọn, ẹ dí etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Láti mọ ihò tó wà, ẹ tan tùràrí lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ gbé e kọjá lára etí fèrèsé, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tí èéfín bá ti yà bàrá, ihò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sé ilé pa pátápátá, pàápàá níbi tí gáàsì, èédú tàbí igi bá ti ń jó. Kábọ́nì mọnọ́sáídì, gáàsì tí irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń tú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun.

Báwo ni mo ṣe lè lo ẹ̀rọ amúlétutù láìfi owó ṣòfò?

Ẹ fi sí dígírì 24 sí 26, kí ẹ tan fáànù mọ́ ọn. Tí ẹ bá fi sí 16, kì í ṣe pé yóò yára tutù; kò kàn ní sinmi ni. Ẹ máa fọ àwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀ déédéé. Èyí tó wà níta gbọ́dọ̀ rí ibi mí, kí òdòdó tàbí ẹrù má sì dí i. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ ra oní-inverter: òun kì í pa kó tún tàn gbùú, ó máa ń dín eré rẹ̀ kù ni.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í béèrè, tó sì ṣe pàtàkì fún àyíká, ni gáàsì inú rẹ̀. Gáàsì R-22 ayé àtijọ́ ń ba ósónì jẹ́, ìyẹn ìbòrí tó wà lójú òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé irú rẹ̀ kúrò. R-410A tó rọ́pò rẹ̀ kò ba ósónì jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ tó bá tú sáfẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná ju 2,000 kílò kábọ́nì dáyọ́sáídì, gáàsì tó ń jáde nígbà tí epo tàbí igi bá jó, lọ. Ti R-32 tó bíi 700. Ti R-290, tó jẹ́ propane lásán (irú gáàsì ìdáná kan), kò ju díẹ̀ lọ, àmọ́ ó lè gbiná, ẹni tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní Kigali, ní orílẹ̀-èdè Rwanda, ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti máa dín irú R-410A náà kù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gáàsì kì í tán nínú ẹ̀rọ bí epo ṣe ń tán nínú mọ́tò. Tí ẹnìkan bá ń wá fún yín ní gáàsì lọ́dọọdún, ẹ̀rọ yín ń jò. Ẹ ní kó wá ibi tó ń jò kó tó rọ òmíràn sí i.

Fíríìjì ńkọ́?

Dígírì 4 tó fún ìsàlẹ̀, -18 tó fún ibi dídì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí sítóòfù àti ojú oòrùn. Ẹ ki bébà kan sáàárín ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Tó bá yọ gbẹrẹ láìjanpata, rọ́bà ti bàjẹ́. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bú ẹ̀rọ ara fíríìjì mi pé kì í sinmi, kí n tó mọ̀ pé rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ló ti ya nísàlẹ̀ níbi tí ojú mi kì í dé.

Ẹni tó bá ra tuntun, tó wá gbé ti àtijọ́ sí yàrá kejì tó tàn án fún ìgò omi mẹ́ta, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ṣé òótọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n tí a fi rìmóòtù pa ṣì ń jẹ iná?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti tuntun kì í sábà ju ìdajì wáàtì lọ. Àpótí tí ń fa ìkànnì àti àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń jẹ jù. Ohun tó bá ń jẹ wáàtì 5 láìdákẹ́ á jẹ yúníìtì 44 lọ́dún. Ẹ kó wọn sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì onísúwíìṣì kan, kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́.

Sítóòfù wo ló dára jù?

Sítóòfù induction ló ń fi iná ṣòfò kéré jù, nítorí ìkòkò fúnra rẹ̀ ló ń mú gbóná. Ó tó ìdá 85 nínú 100 iná rẹ̀ tó ń wọnú ìkòkò. Ti gáàsì kì í sábà kọjá 40, ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ. Ìkòkò tí irin òòfà bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ nìkan ló ń bá induction ṣiṣẹ́.

Igi àti èédú ló burú jù, kì í ṣe fún igbó nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ni èéfín inú ilé pa ní ọdún 2020. Láti orí igi bọ́ sórí gáàsì, ìtẹ̀síwájú ńlá ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi. Sítóòfù yòówù kó jẹ́, ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò, omi tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ sì gbé kaná.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ?

Omi tútù. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ, omi ló fi ń mú gbóná. Kí ẹ sì sá aṣọ sí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ dípò ẹ̀rọ ìgbẹṣọ.

Ó yá, sólà wá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ilé tó ń jẹ yúníìtì 6 lójúmọ́. Ká ní oòrùn tó lágbára tó wákàtí 4 àtààbọ̀. 6 tí a fi 4.5 pín jẹ́ 1.3 kílówáàtì (kílówáàtì kan jẹ́ wáàtì 1,000), ẹ fi àlékún sí i fún eruku, ooru àti ohun tó ń sọnù nínú wáyà àti ínfátà, ó di bíi 1.8. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 450 nìyẹn.

Bátìrì ni owó pọ̀ sí. Tí ẹ bá ń lo yúníìtì 3 lálẹ́, bátìrì olómi tàbí oní-gel gbọ́dọ̀ gba tó 6, nítorí kò yẹ kí ẹ lò ó kọjá ìdajì tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Lithium lè fún yín ní ìdá 80 láìfarapa, nítorí náà bíi 4 ti tó. Lithium wọ́n nígbà tí ẹ bá ń rà á, àmọ́ iye ìgbà tó lè kún kó tún tán ju ti olómi lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Bátìrì olómi tó bá ti kú, ẹ má tà á fún ẹni tó máa là á lẹ́yìnkùlé: òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ló ń jẹ. Gbogbo dígírì kan tó bá fi gbóná kọjá 25 ń gé bíi ìdá 0.3 sí 0.4 nínú 100 kúrò lára agbára rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Òjìji igi kékeré kan lórí ẹyọ kan lè fa gbogbo àwọn tó so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn. Pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó wúlò, tí Bell Labs, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi han ayé ní 1954, kò sọ ju bíi ìdá 6 nínú 100 oòrùn di iná. Ti òde òní ti kọjá 20.

Ṣé omi náà kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án. Iná ló ń fa omi gorí táńkì. Ẹ̀rọ omi tó ń ro tó tó tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń ṣòfò 20 sí 30 lítà lójúmọ́. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kì í hàn: ẹ da ohun aláwọ̀ díẹ̀ sínú àpótí omi ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fi omi ṣàn án fún ìdajì wákàtí. Tí àwọ̀ bá ti dé inú àwo, ó ń jò.

Ìdọ̀tí ilé ìdáná ńkọ́?

Ẹ fi ṣe ajílẹ̀. Èyí tó bá jẹrà lábẹ́ ààtàn ńlá láìrí afẹ́fẹ́ máa ń tú gáàsì mẹ́táànì jáde, tó ń mú ayé gbóná ju kábọ́nì dáyọ́sáídì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28 láàárín 100 ọdún. Èèpo àti ewé tútù, ewé gbígbẹ tàbí páálí lé e lórí, kí ẹ máa tú u kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Tó bá ń rùn, ewé gbígbẹ kò tó ni.

Mo yá ilé gbé ni. Kí ni mo lè ṣe?

Ohun tí ẹ lè kó lọ: gílóòbù, fáànù, sọ́kẹ́ẹ̀tì onísúwíìṣì, rọ́bà etí ilẹ̀kùn, aṣọ ìbòòji, pánẹ́ẹ̀lì kékeré. Ti òrùlé, ẹ bá onílé sọ ọ́. Ilé tó tutù kì í ṣòro láti rí ayálégbé.

Mo ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan, owó iná kò sì dín. Kí ló dé?

Nígbà mìíràn, àwa náà ni. Ní 1865, William Stanley Jevons, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí ẹ̀rọ ṣe ń lo èédú dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni èédú tí wọ́n ń jó ń pọ̀ sí i. Gílóòbù tí kò jẹ iná mọ́, a óò fi í sílẹ̀ títí di mọ́jú. Ẹ̀rọ amúlétutù tuntun, a óò tàn án láti ọ̀sán.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ lọ sí ìdí mítà. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, títí kan fíríìjì, kí ẹ wo iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára mítà. Tó bá dákẹ́, ẹ máa dá ohun èlò padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí ọ̀daràn náà. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, iná ń jò láti ara wáyà, tàbí wáyà ẹlòmíràn ti gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Ẹ pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fọwọ́ ara yín tú u.